Ṣé ilẹ̀ ayé ń mì ju ti àtijọ́ lọ ni?

ÌyáAláró, Ìtòkú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó dá mi lóhùn, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kó bá mi dúró gbọ́ ọ.

Ọmọ mi tó wà ní FUNAAB ló fi áàpù kan sórí fóònù mi, èyí tó máa ń sọ ibi tí ilẹ̀ bá ti mì láyé. Eré ló pè é, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọkàn mi ò ti fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀. Mo bá ń sá àdìrẹ láàárọ̀, fóònù á dún: Indonéṣíà. Kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó ná ọjà tán, ó tún ti dún: Jàpáánì. Ó di ọ̀sán, Ṣílè. Bí mo bá dé ilé lálẹ́, ibì kan tí wọ́n ń pè ní Vanuatu. Ṣé ojoojúmọ́ ayé ni ilẹ̀ ń mì báyìí ni?

Mo wá jókòó, mo ro ó sẹ́yìn. Tọ́kì àti Síríà ní oṣù kejì 2023, tí ilé wó lu ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lórí oorun. Ọdún yẹn náà ni Mòrókò, ní oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ kìíní ọdún 2024, tí àwa ń jẹ ìrẹsì ọdún lọ́wọ́, Jàpáánì ni. 2025, Myanmar ní oṣù kẹta, ilé gogoro tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Bangkok wó lulẹ̀, bẹ́ẹ̀ Bangkok jìnnà sí ibẹ̀ tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Oṣù keje ọdún yẹn kan náà, ti Rọ́ṣíà, wọ́n ní ó tó 8.8. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìjẹmọ̀, mi ò rántí pé ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ nílé wa rí.

Pásítọ̀ wa ní àmì ìgbẹ̀yìn ayé ni. Àlùháájà tó wà ní ìsọ̀ kejì sí mi ní ó wà nínú Kùránì náà, pé odindi súrà kan wà tó ń sọ nípa rẹ̀. Èmi ò bá wọn jiyàn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé lóòótọ́ ló ń pọ̀ sí i? Èyí tí èèyàn ń mọ̀ lára ni mò ń wí o, kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ nìkan ń gbọ́.

Ohun kejì: apá ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá ni ilé wa wà. Nígbà mìíràn lọ́sàn-án, ilẹ̀ á mì díẹ̀, gíláàsì fèrèsé á dún gbàn-ìn. Wọ́n ní àwọn tó ń fọ́ òkúta ni. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àwọn náà ni lóòótọ́?

Ẹlẹ́ríiJésù_Aṣẹ́rò

Mátíù 24 ẹsẹ 7. Gbogbo rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Màmá, ẹ pa áàpù yẹn rẹ́, kí ẹ gbàdúrà.

TíṣàFẹ̀yìntì, Ìbarà

Ìyá Aláró, ẹ kú ọjà o. Aró yín á máa re.

Jọ́gíráfì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ìlú yìí títí tí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọdún kan tí wọn kì í bi mí ní ìbéèrè yín yìí, pàápàá tí ìròyìn ibì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ìdáhùn mi ni pé rárá, kò pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tí fóònù ń dún létí ẹ̀ látàárọ̀ kò ní gba "rárá" lásán lọ́wọ́ mi, nítorí náà ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ kó délẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí áàpù yẹn bẹ̀rẹ̀. Àwọn elétò ìmọ̀ ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, USGS, máa ń rí ojú ibi tí nǹkan bí 20,000 ìmìtìtì ilẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín in sí ọjọ́, ó ń lọ sí 55 lójúmọ́. Nítorí náà kò yani lẹ́nu pé fóònù yín ń dún. Ohun tó yẹ kó yani lẹ́nu ni pé ẹ ṣì rí àyè ta àdìrẹ.

Ṣùgbọ́n nínú 20,000 yẹn, kékeré ló pọ̀ jù. Tí agbára ìmìtìtì ilẹ̀ bá ti 6 bọ́ sí 7 lórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń kà á, kì í ṣe pé ó fi díẹ̀ le sí i: mímì tí ẹ̀rọ ń kọ sílẹ̀ di ìlọ́po 10, agbára tó tú jáde di ìlọ́po 32 tàbí bẹ́ẹ̀. Bí a bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwọ̀n yìí kan náà, iye wọn ló ń pọ̀. Èyí tó tó 7 sókè, nǹkan bí 16 ni lọ́dún, tí a bá da ọdún púpọ̀ pọ̀ tí a pín in. Àwọn tó wà láàárín 6 àti 7 lé ní 100. Àwọn tó wà láàárín 5 àti 6 lé ní 1,000. Ti 4 sí 5 ń lọ sí 10,000 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà lábẹ́ ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè kà á tán. Ẹ ní kí ọmọ yín ṣí àtòpọ̀ áàpù náà, kó ní kó má dún àyàfi tó bá tó 7. Ó lè pé oṣù kan kí ẹ tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ó wá di ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ní 1931, nǹkan bí 350 ibùdó ló ní ẹ̀rọ tó ń gbọ́ mímì ilẹ̀ ní gbogbo ayé. Lónìí, wọ́n ti lé ní 8,000. Ẹ má sì rò pé ìfẹ́ aráyé nìkan ló jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ yìí káàkiri. Ní nǹkan bí 1960 sókè, Amẹ́ríkà fẹ́ mọ ìgbà tí Rọ́ṣíà bá ń dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì rí i pé ẹ̀rọ kan náà tó ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ ló ń gbọ́ bọ́ǹbù. Owó ogun ló kọ́ wa ní púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ wa. (Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mọ́ mi nínú ní kíláàsì, torí pé ìgbà náà nìkan ni àwọn tó wà lẹ́yìn máa ń gbé orí sókè.)

Bí etí bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ohun tí a ń gbọ́ á pọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni tó bá fẹ́ fi ọdún wé ọdún kò gbọdọ̀ ka kékeré mọ́ ọn. Èyí tó tó 7 sókè ni kó kà. Ìmìtìtì ilẹ̀ tó tó 4 láàárín òkun ní 1920 lè wáyé kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ ọ́n títí dòní. Èyí tó tó 7 kò ríbi sá sí. Ìwọ̀nba ẹ̀rọ tó wà nígbà yẹn náà gbọ́ ọ, ibi yòówù kó ti ṣẹlẹ̀. Láti nǹkan bí 1900 ni àkọsílẹ̀ wọn sì ti wà.

Kí ni àkọsílẹ̀ náà wí? Ó ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, kò dúró sójú kan, kò sì gun òkè lọ ráúráú. Ní 2010, wọ́n ka 23. Ní 1989, 6 péré ni. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, 7. Ìyá Aláró, ká ní pé 1988 àti 1989 ni ọmọ yín fi áàpù yìí sórí fóònù yín, ẹ̀yin lẹ máa wá sọ fún wa pé ayé ti ń fararọ.

Ẹ ju dáìsì lúdò. Nígbà mìíràn ẹ ó rí 6 lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn, ẹni tí ẹ jọ ń ta á ní ẹ ń ṣe ojóóró. Nígbà mìíràn ọmọ yín ò ní jáde nílé títí eré á fi parí. Dáìsì kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn ńlá yìí: Kamchatka ní Rọ́ṣíà, 9.0 ní 1952, Ṣílè 9.5 ní 1960, èyí tó tóbi jù nínú gbogbo èyí tí ẹ̀rọ tíì kọ sílẹ̀ rí, Alaska 9.2 ní 1964. Lẹ́yìn náà, ogójì ọdún kọjá, kò sí èyí tó tó 9 kankan. Àfi lójijì ní 2004, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, Sumatra ní Indonéṣíà, 9.1, tí omi òkun bo èèyàn mọ́lẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ṣílè tún ní 8.8 ní 2010. Jàpáánì, 9.1, ní 2011. Ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ gan-an bẹ̀rẹ̀ sí bi ara wọn pé ṣé ohun kan ti yí padà ni. Wọ́n fi ìṣirò wò ó dáadáa, wọ́n rí i pé bó ṣe kóra jọ yẹn kò kọjá ohun tí oríire àti oríburúkú lásán lè mú wá.

Ẹ wá ní nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, ẹ ò gbọ́ ọ rí. Òótọ́ ni, ẹ ò lè gbọ́ ọ. Ta ni ì bá sọ fún yín? Ní 1862, ilẹ̀ mì ní Accra, ilé wó níbẹ̀. Nígbà náà, ìwé ìròyìn ti wà ní Abẹ́òkúta níbí, Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní 1859, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló sì ń jáde. Ọkọ̀ ojú omi ni ìròyìn á kọ́kọ́ wọ̀ dé Èkó, kó tó gba ojú odò Ògùn wá. Lónìí, eruku ilé tó wó kò tíì bolẹ̀ tán tí fídíò rẹ̀ á ti dé orí WhatsApp àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín, ẹnìkan á sì ti fi orin sí i.

Ẹ sọ ohun pàtàkì kan, pé èyí tí èèyàn ń mọ̀ lára lẹ̀ ń bi. Ó dáa bí ẹ ṣe yà á sọ́tọ̀, torí pé ibẹ̀ ni àyípadà gidi wà. Ní 1900, èèyàn tó wà láyé kò tó bílíọ̀nù méjì. Wọ́n ti ju bílíọ̀nù mẹ́jọ lọ báyìí, àwọn ìlú tó sì ń ya èèyàn jù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jókòó sórí ibi tí ilẹ̀ ti là: Istanbul, Tehran, Kathmandu. Ilẹ̀ tó mì ní aginjù nígbà kan rí, tí ewúrẹ́ nìkan mọ̀, ìlú ti kún orí rẹ̀. Mímì náà kò yí padà. Àwa la lọ bá a.

Ẹ wo 2010 yẹn náà. Oṣù kìíní, Háítì, 7.0: èèyàn tó kú lé ní 100,000. Oṣù kejì, Ṣílè, 8.8, agbára rẹ̀ tó ìlọ́po 500 ti Háítì: nǹkan bí 500 èèyàn ló kú. Ṣílè ti mọ irú ilẹ̀ tí òun ń gbé lórí rẹ̀, òfin ilé kíkọ́ wọn le, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e. Háítì, búlọ́ọ̀kù tí símẹ́ǹtì ò dé inú rẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé ní Ọbáńtókò àti Àdìgbẹ̀, ẹ ti mọ irú búlọ́ọ̀kù tí mò ń wí, ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ lórí ìyẹn. Ti Rọ́ṣíà 2025 tí ẹ dárúkọ, 8.8 lòun náà, Kamchatka ni, ibi tí èèyàn ò pọ̀ sí. Mélòó lẹ gbọ́ pé ó kú níbẹ̀? Iye òkú ló ń jẹ́ ká rò pé ìmìtìtì ilẹ̀ pọ̀, ilé ló sì ń pa èèyàn.

Ní tiwa níbí, kì í ṣe pé a ò mọ̀ ọ́n rí o. Ọjọ́ Sátidé, 28 oṣù keje 1984, mo wà nílé mo ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. Tábìlì ṣe bí ẹni pé ẹnìkan ń fi eékún tì í lábẹ́. Mo wo abẹ́ rẹ̀, bóyá ajá aládùúgbò ni. Nígbà tí mo jáde síta, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti kún, kálukú ń bi ẹnìkejì bóyá òun nìkan ni. Ìjẹ̀bú-Òde ló ti le jù, Ìbàdàn náà mọ̀ ọ́n. Ìdájí 11 oṣù kẹsàn-án 2009, òmíràn tún wá láti apá orílẹ̀-èdè Benin, kò ju 4 àti díẹ̀ lọ, wọ́n mọ̀ ọ́n ní Abẹ́òkúta àti Ìmẹ̀kọ. Èmi ò mọ̀ ọ́n, oorun ni mò ń sùn. Ìyàwó mi ló sọ fún mi. Àwọn bàbá wa náà ní tiwọn: 1939, nígbà tí Accra tún mì, ó ju 6 lọ, wọ́n mọ̀ ọ́n lára dé Èkó.

Ìdí tó fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wọn ni pé ilẹ̀ wa jìnnà sí etí. Ojú ilẹ̀ ayé pín sí àwọn abala òkúta ńláńlá tó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ibi tí etí wọn ti ń gbún ara wọn ni wàhálà pọ̀ sí. Jàpáánì wà ní etí. Ṣílè wà ní etí. Abẹ́òkúta wà láàárín abala tirẹ̀, lórí òkúta àtayébáyé. Ṣùgbọ́n òkúta àtayébáyé náà ní ojú ibi tó ti là rí, ọ̀kan tí àwọn onímọ̀ wa mọ̀ dáadáa gba Ìfẹ́wàrà kọjá lọ sí apá Zungeru, òmíràn sì wà nísàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì tó dorí kọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sún.

Ẹni tó bá sì ń bẹ̀rù pé Olúmọ á yí lulẹ̀, kó fọkàn balẹ̀. Orí òkúta kọ́ ni ìmìtìtì ilẹ̀ ti ń le jù. Orí ẹrẹ̀ àti yanrìn ni. Ní 1985, ibi tí ilẹ̀ ti mì jìnnà sí ìlú Mẹ́síkò ju 300 kìlómítà lọ, síbẹ̀ ìlú náà ló fọ́, torí pé orí adágún omi tó ti gbẹ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rù fún ìlú kan nílẹ̀ Yorùbá, ẹ bẹ̀rù fún àwọn tó ń da yanrìn sínú ọ̀sà ní Èkó láti fi kọ́ ilé alájà púpọ̀.

ỌmọLísàbí_01

Ẹ kú àlàyé, Bàbá Tíṣà, mo jẹ̀gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú o, ẹ fi ohun kan sílẹ̀. Ẹ ní kò pọ̀ sí i. Oklahoma ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Mo gbé ibẹ̀ rí. Àwọn tí mo bá níbẹ̀ sọ fún mi pé kò sí irú ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dàgbà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo débẹ̀, ìgò ọtí á máa kan ara wọn lórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sẹ́ni tó ń sáré jáde mọ́. Abuja náà ńkọ́, Mpape, oṣù kẹsàn-án 2018, tí àwọn èèyàn ò lè sùn nílé? Ẹ ò lè sọ fún àwọn yẹn pé dáìsì lúdò ni.

TíṣàFẹ̀yìntì, Ìbarà

Ọmọ Lísàbí, inú mi dùn pé o bi mí. Gbogbo ayé ni mo dáhùn lé lórí, nítorí ohun tí Ìyá Aláró béèrè nìyẹn. Tó bá di ìlú kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀ pátápátá, èèyàn sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

Oklahoma ni àpẹẹrẹ tó dáa jù. Kó tó di 2009, èyí tó ń tó 3 níbẹ̀ kì í ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ lọ́dún. Ní 2015, ó lé ní 900. Ìlú kan náà, ilẹ̀ kan náà! Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé epo àti gáàsì tí wọ́n ń wà máa ń bá omi iyọ̀ jáde, omi náà kò wúlò, kò ṣeé dà sódò, wọ́n wá ń fi ẹ̀rọ tì í padà sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Omi yẹn wọ inú ojú ibi tí òkúta ti là láti ọjọ́ pípẹ́, tí ìwúwo òkúta ti tẹ̀ pọ̀. Ó fẹ̀ wọ́n díẹ̀, wọ́n yọ̀. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ dín omi náà kù, mímì náà dín kù. Òun ló jẹ́ kó dá wa lójú pé omi ni.

Ti Abuja, òkúta ibẹ̀ náà ti là láti ayébáyé. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé dìde mẹ́nu ba bóòhóòlù tó pọ̀ jù nínú ìlú àti òkúta tí wọ́n ń fọ́. Èmi rò pé a ò tíì ní ẹ̀rọ tó tó láti ya ohun tí èèyàn fà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe. Tóró ní ìpínlẹ̀ Bauchi ni olú ibùdó tó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ náà fún Nàìjíríà wà, ọ̀kan nínú wọn wà ní Ilé-Ifẹ̀. Kò tó fún orílẹ̀-èdè tó fẹ̀ báyìí.

Ṣùgbọ́n wo ó, 900 ti Oklahoma yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò tó 4. Wọn ò kan iye àwọn 7 rárá.

Kúárì_Boy_Ọ̀dẹ̀dá

Ẹ jẹ́ kí èmi dáhùn ìbéèrè kejì Màmá, torí mo ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́.

Màmá, tó bá jẹ́ ọ̀sán ni, ó ṣeé ṣe jù kó jẹ́ kúárì. Wọn kì í bíláàsì lóru. Iṣẹ́ àárọ̀ ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ lu ihò sára òkúta lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kí wọ́n di ihò náà, kí wọ́n so wáyà. Ọlọ́pàá ló máa ń tẹ̀ lé ohun tí wọ́n fi ń fọ́ ọ wá, kò sẹ́ni tó ń kó o bó ṣe wù ú. Nígbà tí wọ́n bá parí ìyẹn, oòrùn á ti kan àtàrí. Wọ́n á gbé àsíá pupa sójú ọ̀nà, wọ́n á fọn fèrè, gbogbo wa á sá lọ jìnnà. Ìgbà náà ni.

Tí ẹ bá fetí sílẹ̀, ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ ó mọ̀ ọ́n ní àtẹ́lẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ni "gbòòò" á gba afẹ́fẹ́ dé, gíláàsì ló sì máa ń dá a lóhùn. Gíláàsì yẹn, afẹ́fẹ́ ló ń gbọn ọ̀n jù, kì í ṣe ilẹ̀. Kí ẹ tó sọ pé kí lèyí, ó ti tán. Tí ẹ bá gorí ibi tó ga díẹ̀, ẹ ó rí eruku. Bí ẹ bá wá mọ̀ ọ́n lóru, tí kò sí eruku, tí àwọn èèyàn yín ní Ìjẹ̀bú àti Ìbàdàn tún mọ̀ ọ́n ní àkókò kan náà, ẹ yáa pe Bàbá Tíṣà.

Ẹ gbọ́ eléyìí náà. Ihò yẹn kì í bú lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n bá ṣe é dáadáa. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, ìdúró tó wà láàárín wọn kò tó kí ẹ ṣẹ́jú, kí ilẹ̀ má baà mì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ yára tàbí tó fẹ́ dín owó wáyà kù á so ó pọ̀, gbogbo rẹ̀ á bú papọ̀, àwọn ará àdúgbò ló ń jẹ ẹ́. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n máa ń rán ọmọ kan lọ sọ fún Baálẹ̀ kí wọ́n tó bíláàsì. Nígbà tó yá, wọn ò rán an mọ́. Màmá, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀ nígbàkígbà tó bá ṣẹlẹ̀, kí gbogbo àdúgbò náà kọ ọ́. Ẹni tó bá mú ìwé tó ní déètì lọ bá wọn, wọ́n máa ń fún un ní àga. Ẹni tó kàn ń pariwo, gétímáànù ló máa dá a padà.

ÌyáAláró, Ìtòkú

Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Kúárì Boy, o káre, ọmọ dáadáa ni ọ́. Ọmọ mi ti yí áàpù náà sí 7, ìsọ̀ wa ti dákẹ́ rọ́rọ́.

Ṣùgbọ́n Bàbá Tíṣà, ẹ ti dá òmíràn sílẹ̀ fún mi o. Ẹ ní omi tí wọ́n tì sínú ilẹ̀ ló mú Oklahoma mì. Omi dáàmù Ọ̀yán ńkọ́, tó kó jọ síbẹ̀ láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn? Kì í ṣe omi lòun náà ni?

TíṣàFẹ̀yìntì, Ìbarà

Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí ẹ ti jókòó sí kíláàsì mi.

Dáàmù lè fà á lóòótọ́. Èyí tí gbogbo ayé fi ń ṣe àpẹẹrẹ ni Koyna ní Íńdíà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba omi sínú rẹ̀ ní nǹkan bí 1962, ilẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ mì tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kejìlá 1967, èyí tó tó 6.3 wáyé, èèyàn tó kú ń lọ sí 200. Ìwúwo omi náà ń tẹ òkúta, omi tó ń jò wọlẹ̀ sì ń dé ojú ibi tó ti là.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn méjèèjì ṣe tóbi sí. Ògiri Koyna ga ju 100 mítà lọ. Ti Ọ̀yán kò ju nǹkan bí 30 mítà lọ, omi inú rẹ̀ kò sì ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ti Koyna. Àwọn dáàmù tí omi wọn jìn gan-an ló sábà máa ń fa irú èyí, kò sì tún tó kí omi jìn, àfi kí òkúta abẹ́ rẹ̀ ti fẹ́ yọ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ pé Ọ̀yán fẹ́ fa nǹkan, ìgbà tó kọ́kọ́ kún ló ṣeé ṣe jù kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn wá.

Ọ̀yán tí ẹ rí yẹn, nígbà tí òjò bá pọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ ṣí omi rẹ̀ ni kí ẹ máa tẹ́tí sí i. Tí ẹ bá ní ẹbí nísàlẹ̀ odò Ògùn, ní apá Ìṣẹrì tàbí Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú, ẹ ní kí wọ́n máa gbọ́ rédíò láti oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá.